Igi Tí A Ń Bọ́, Ajá Tí A Ń Kì: Ìtùnú Àwọn Ará Ìṣáájú Nígbà Ogun àti Ọ̀fọ̀

Ní ọdún 1830, nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láti wá ibi tí Odò Ọya ti ń wọ inú òkun, ohun kan pàdé wọn lójú ọ̀nà tí ó jọ wọ́n lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò wọn. Àwọn obìnrin ń kọjá lọ ní òwúrọ̀, wọ́n ru ère igi kéékèèké tí a gbẹ́ bí ọmọ ènìyàn. A sọ fún àwọn àlejò náà pé ìyá tí ọmọ ṣòfò lọ́wọ́ wọn ni àwọn obìnrin yìí, àti pé àwòrán ọmọ náà ni wọ́n ń gbé kiri. Àlejò tí ó ti òkèèrè wá kò ní ṣe kí ó má fẹ́ rà nínú ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tí ó gbà kí a rọ òun láti yọ̀ǹda tirẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ohun tí ó ṣókùnkùn sí àwọn arìnrìn-àjò náà hàn gbangba sí i: ère ìbejì ni wọ́n rí. Lander rò pé gbogbo ìyá tí ọmọ bá kú fún ni í ru irú ère bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó là á yé e pé Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn nìkan, ẹdunjọbí, ọmọ tí í sọ alákìísà di aláṣọ, ni a ń gbẹ́ igi fún tí a sì ń gbé e pọ̀n. Síbẹ̀ àṣìmọ̀ rẹ̀ kò ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Ó fi yé wa pé kí òyìnbó tó fìdí kalẹ̀ ní ilẹ̀ yìí rárá, àṣà náà ti wà lójú títì, àwọn ìyá kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí a kíyè sí ọdún náà pẹ̀lú. Ogun ti fọ́ ìlú Òwu. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń forí pamọ́ sábẹ́ àpáta Olúmọ, níbi tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó sí ní ọdún 1830 yìí kan náà. Ìbàdàn kò tíì ju ibùdó ogun lọ. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀, ìlú tí àwọn Lander ń lọ, kò ní pé ọdún mẹ́wàá mọ́ tí yóò fi di ahoro. Ìyẹn ni pé àwọn obìnrin tí wọ́n ru ère wọ̀nyí ń rìn lójú ọ̀nà tí àwọn akónilẹ́rú ń rìn, nínú ayé tí ọmọ tí ikú kò pa, ogun lè kó o lọ. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, a lè rò pé kò sí ẹni tí yóò ráyè jókòó ti igi gbígbẹ́, tàbí kí ó máa da àgbàdo fún ẹyẹlé, tàbí kí ó máa fi orúkọ dídùn pe ajá. Ohun tí ìtàn fi hàn yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí ìpọ́njú ń ga sí i ni ọwọ́ ń le sí i mọ́ iṣẹ́ ọ̀nà àti ohun ọ̀sìn, èrò tèmi sì ni pé ìdí kan ṣoṣo ni ó so méjèèjì pọ̀: àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ó nílò ìtọ́jú wa láràárọ̀ ni í gbé ìdí wa kúrò nílẹ̀ nígbà tí ìbànújẹ́ bá dorí wa kodò. Ère tí a kàn gbé sórí pẹpẹ tí a ń wò kò tó wọn. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ẹran ọ̀sìn tí ó kàn ń jẹ tí ó ń mu kò tó wọn. Wọ́n ń kì í.

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà ń sọ nípa bí ìbejì ṣe di ẹni àpọ́nlé, nítorí pé ìgbà kan wà tí a kò fẹ́ rí wọn sójú, tí àwọn ìlú mìíràn a sì máa pa wọ́n. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan wà ní Ìṣokùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí àwọn ẹdun, ọ̀bọ onírun dúdú àti funfun tí í gbé ṣóńṣó igi, ń jẹ oko rẹ̀ run. Ọkùnrin yìí gbé ọfà, ó gbé kùmọ̀, ó ń pa wọ́n lọ ràì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó bí ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ọmọ náà sì kú. Ó tún bí méjì, wọ́n tún kú. Babaláwo tí ó dá Ifá fún un sọ pé àwọn ẹdun tí ó ń pa ni wọ́n ń wọ inú aya rẹ̀ wá tí wọ́n sì ń padà lọ, àti pé ẹbọ rẹ̀ kò ju kí ó jáwọ́ nínú pípa wọn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n máa jẹ nínú oko òun. Àgbẹ̀ náà gbọ́. Ọmọ méjì tí a bí fún un lẹ́yìn èyí kò kú mọ́, láti ọjọ́ náà wá ni ìdílé ìbejì kì í ti í jẹ ẹran ẹdun.

Kí a gba ìtàn náà bí ó ti rí tàbí kí a má gbà á, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a fò dá: nígbà tí ikú ọmọ sú àgbẹ̀ yìí, ẹranko tí ó ń bá a jẹ oko ni a ní kí ó lọ bọ́, ìyẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ àlàáfíà rẹ̀. Kí a sì má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ikú ìbejì jẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá ni ìbejì pọ̀ sí jù lọ nínú gbogbo ayé tí a ti ka iye wọn. Nígbà tí oníṣègùn Percy Nylander ṣe ìwádìí ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960, ó rí i pé nínú ìbímọ 1000, bí 45 ni ó jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti Yúróòpù kò ju nǹkan bíi 10 sí 12 lọ. Ìlú Igbó-Ọrà sì ti gba òkìkí káàkiri ayé nítorí èyí. Ọmọ méjì tí wọ́n bá jọ gbé inú ìyá kan sábà máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn, wọ́n sì máa ń tètè dé. Ní ayé tí kò sí ilé ìwòsàn, tí ilẹ̀ gbígbóná ń jà, tí ìyá tí ó lóyún sì lè máa sá fógun láti ìlú dé ìlú, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo iye tí yóò kú nínú wọn.

Nísinsin yìí ni a ó rí ibi tí ère ti wúlò. Bí ọmọ ọwọ́ lásán bá kú, àṣà kò fún ìyá rẹ̀ ní àyè púpọ̀ láti sunkún. Wọn a ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọn a sìnkú náà kíákíá láìsí ìlù láìsí ayẹyẹ. Wọn a kìlọ̀ fún ìyá náà pé kí ó gbójú sókè nítorí èyí tí ń bọ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, mi ò bú u, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pọ̀ ẹkún sílẹ̀ nínú ikùn àwọn obìnrin tí kò rí ibi da á sí. Ìbejì nìkan ni ó yàtọ̀. Nítorí pé ọkàn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, tí èyí tí ó lọ sì lè fa èkejì lọ, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó lọ. A kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sọ pé ó kú. Ìyá Ìbejì wá di obìnrin kan ṣoṣo tí àṣà fún láṣẹ láti máa bá ọmọ rẹ̀ tí kò sí mọ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún, títí òun náà yóò fi rè ibi àgbà ń rè, láìsí ẹni tí yóò wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Èmi kò mọ ìlú mìíràn tí ó ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Bí Ifá bá ti wí pé kí a gbẹ́ ère, àwọn òbí a mú orí lé ilé gbẹ́nàgbẹ́nà. Igi ìrẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò fún un, nítorí pé ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, kò sì tètè là. Wọn a ṣe ètùtù tí ó yẹ kí wọ́n tó gé e, wọn a sì máa bọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà dáadáa ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ní ipele tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ sì mọ orúkọ wọn: ọ̀nà lílé ni wọ́n fi ń fi àáké la orí, ọrùn àti ara yọ nínú ìtì igi, àlétúnlé ni ó tẹ̀ lé e, tí ojú, etí, ọwọ́ àti ọmú yóò fi máa yọ, lẹ́yìn náà ni dídán, tí a ń fi ọ̀bẹ pa gbogbo ara rẹ̀ rẹ́ kí ó jọ̀lọ̀, ìgbẹ̀yìn ni fínfín, tí a ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa irun orí, ilà ojú àti ọ̀nà ara. Ère náà kì í gùn ju nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan àtààbọ̀ lọ, kí ó lè ṣeé gbé sínú ọ̀já. Ohun ìyanu kan ni pé bí ọmọ tí ó kú kò tilẹ̀ ju ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ, àgbàlagbà ni gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbẹ́: ọkùnrin tí ó dúró ṣinṣin, obìnrin tí ọmú rẹ̀ yọ, tí irun rẹ̀ dì gọ̀ọ̀rọ̀gọ̀, tí a bu ilà ìdílé baba rẹ̀ sí lójú, ìbáà ṣe àbàjà, ìbáà ṣe pélé, ìbáà ṣe gọ̀ǹbọ́. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ayé tí ọmọ náà kò rí gbé ni oníṣẹ́ ọ̀nà fún un.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ó wá ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ọjọ́ tí ère bá dé ilé ni iṣẹ́ ìyá bẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò máa wẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń wẹ èyí tí ó kù láàyè, tí yóò fi osùn pa á lára, tí yóò fi aró kun irun orí rẹ̀. Òun ni yóò bu ẹ̀wà àti epo sí i lẹ́nu nígbà tí ó bá ń se ẹ̀wà ìbejì fún àwọn ọmọ àdúgbò. Òun ni yóò so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí àti ní ọrùn, tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì gbòòrò, yóò rán ẹ̀wù tí a tò ní owó ẹyọ wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ ọjà, yóò gbé e sínú ọ̀já pẹ̀lú ọmọ tí ó kù, yóò jó dé ẹnu ilé olówó, yóò kọrin dé ìdí àtẹ àwọn aláta, wọn yóò sì fún un lówó, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí inú ìbejì bí sí òun. Nípa ijó yìí ni obìnrin tí ìbá sé ara rẹ̀ mọ́ yàrá fi ń jáde sáàárín ènìyàn, tí àwọn ènìyàn sì ń bá a pín nínú ẹrù rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pe àpérò lé e lórí.

Ẹni tí ó bá rí ère ìbejì tí ó ti pẹ́ yóò rí i pé ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Imú ti tẹ́, ẹnu ti ra, ilà tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi sùúrù fín ti di ohun tí a ń fi ìka wá kiri. Kòkòrò kọ́ ni ó jẹ ẹ́. Ọwọ́ ìyá ni, ọwọ́ ìyá àgbà, ọwọ́ ọmọ tí ó kù tí ó dàgbà tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn ìyá rẹ̀, pẹ̀lú omi àti osùn ojoojúmọ́. Àwọn tí wọ́n ń tajà iṣẹ́ ọ̀nà lónìí a máa fi ìparẹ́ yìí bu owó lé e, wọ́n ní ó fi hàn pé ògbólógbòó ni. Wọn kò mọ̀ pé iye ẹkún tí a gbé mì ni wọ́n ń dá lówó.

Ogun kò dá iṣẹ́ yìí dúró. Ìjà Ìbàdàn àti Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860 fọ́ Ìjàyè túútúú ní 1862, àwọn tí ó yè sì tú ká lọ sí Abẹ́òkúta àti ibòmíràn. Ogun Kírìjì tí ó tẹ̀ lé e ní 1877 gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ibùdó méjèèjì, ti Ìbàdàn ní Igbájọ àti ti àwọn Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n ń bá a jà ní Ìmẹ̀sí, fi di ìlú: a kọ́lé síbẹ̀, a dáko, a gbéyàwó, a bímọ. Ìwé àlàáfíà tí a fọwọ́ sí ní 1886 kò mú kí àwọn ọmọ ogun tú ká lọ sílé. Ó di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ tí a bí nígbà tí àgbá ń dún yóò ti ní kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ àlàáfíà. Ohun tí obìnrin tí ogun lé kúrò nílé lè gbé kò ju ohun tí ó wọ inú igbá àti ọ̀já lọ, ère ìbejì sì wọ inú méjèèjì. Ẹbọra àjọbọ, odi ìlú, igi àràbà ojúbọ, gbogbo ìyẹn ni a fi sílẹ̀ fún ọ̀tá, ṣùgbọ́n ojúbọ tí kò ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan lè bá ìyá rẹ̀ sá. Mo rò pé èyí wà nínú ìdí tí àṣà yìí fi tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìgbómìnà àti Ẹ̀gbá.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ ohun ọ̀sìn, nítorí pé ibi tí ère wà, ẹyẹlé kì í jìnnà. Nínú agbo ilé àtijọ́, ìkòkò amọ̀ tí a fi kọ́ sára ògiri tàbí abẹ́ àjà ni ilé ẹyẹlé, àwọn ọmọdé ni í sì í da ọkà fún un ní òwúrọ̀. Kò sí àdúrà àgbà tí kò ní mẹ́nu kan ẹyẹ yìí: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kí ó yẹrí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn lásán, nítorí pé ojú ni wọ́n fi rí i. Nígbà tí iná bá sun ilé, adìẹ a tú sígbó, ewúrẹ́ a di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un, ṣùgbọ́n ẹyẹlé a máa yí lókè ahoro náà, a sì máa padà bà sórí ògiri tí ó kù. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó padà sí ìlú tí ogun fọ́ ni ẹyẹlé kọ́kọ́ kí káàbọ̀. Àwọn àgbà a sì máa wo ẹyẹ yìí bí ẹni ń wo ìlera ilé: ilé tí ẹyẹlé bá ń kó kúrò níbẹ̀ láìnídìí, wọn a ní kí a wádìí ohun tí ń lọ nínú rẹ̀.

Ajá ní tirẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ ọdẹ, ẹni tí ó ń sùn níbi tí ènìyàn kò sí. Ọdẹ a so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tí ó wà nínú igbó dídí, a sì fún un ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe. Ẹni tí ayé bá ń ṣe níkà tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, a sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, a sì máa pe orúkọ náà tagbáratagbára ní àárín ilé, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́. Ajá yóò ju ìrù, ọ̀tá yóò gbọ́ òwe, ọkàn ẹni tí ó pè é yóò sì fúyẹ́. Àwọn orogún náà mọ ọgbọ́n yìí dunjú. Kò sì tán síbẹ̀, nítorí pé àwọn ọdẹ ni wọ́n ni ìjàlá, ìjàlá kò sì mọ sórí ènìyàn àti òrìṣà: erin gbọ́ oríkì tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹfọ̀n gbọ́ tirẹ̀, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ṣe fi hàn nínú ìwé ńlá tí ó ṣe lórí ìjàlá ní 1966. Ẹni tí ó pa ẹran tí ó sì tún ń kì í kò ṣe àgàbàgebè. Ó mọ̀ pé gbèsè wà lọ́rùn òun.

Kí á má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe oyin ju bí ó ti yẹ lọ. Ajá tí a ń kì yìí kan náà ni ẹran Ògún, ẹyẹlé onílé náà sì ń wọ inú ẹbọ. Àwọn baba wa kò fi ẹran ọ̀sìn ṣe ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe ní ìlú òyìnbó lónìí, tí wọ́n ń bá ajá jókòó lórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n mọ iye tí ó jẹ́ fún wọn ni wọ́n ṣe ka a sí ohun tí ó tó fi bẹ Ògún. Ẹni tí kò bá nífẹ̀ẹ́ ohun kan kò lè fi í rúbọ. Ó kàn dà á nù ni.

Odídẹrẹ́ kò ní gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, yóò bínú sí mi. Ẹyẹ tí ó lè pe olówó rẹ̀ lórúkọ jẹ́ ohun ìtura fún arúgbó tí àwọn ọmọ ti tú ká mọ́ lọ́wọ́, ìkóóde ìrù rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ adé. Àdúrà tí a fi í gbà, pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, jẹ́ àdúrà àwọn tí ogun lé kúrò nílé dájúdájú. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin àgbáyé ti de kíkó èyí tí a mú nínú igbó tà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí pé a ti kó o ní àkójù.

Àwọn tí ogun kó tà sí òkè òkun kò rí ère kó dání, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń bọ́ ìbejì. Ní Cuba, àwọn ọmọ ọmọ Lùkùmí, ìyẹn àwọn Yorùbá tí a kó lọ síbẹ̀, ṣì ń gbẹ́ ère kékeré méjì, wọ́n ń wọ̀ wọ́n láṣọ, wọ́n sì ń gbé àdídùn kalẹ̀ fún wọn. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n fi Ìbejì pamọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ méjì ti ìjọ Àgùdà, Cosme àti Damião, tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ọdún wọn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ilá olépo ni wọ́n ń sè, àwọn ọmọdé méje ni ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí a kó lẹ́rú, tí a ta ọmọ rẹ̀ sí oko ìrèké mìíràn, rí ọjọ́ kan láàárín ọdún tí ó lè fi bọ́ ọmọdé bí ẹni pé gbogbo wọn ni tirẹ̀.

Nílé, ìgbàgbọ́ tuntun dé, ó sì bá ère ìbejì wí gidigidi. Àwọn oníwàásù pè é ní ìbọ̀rìṣà. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó dáná sun tirẹ̀ níwájú ìjọ, àwọn mìíràn sì fi tiwọn sínú àjà tí ẹnikẹ́ni kò dé. Èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́ kò ní sọ pé kí a padà sídìí òrìṣà, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò sí ẹni tí ó bi àwọn ìyá náà pé kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí kò fẹ́ ère rárá, síbẹ̀ ère ìbejì púpọ̀ wà láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìgbómìnà tí a gbẹ́ tírà onígun mẹ́ta sí láyà, èyí tí ó fi hàn pé òbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í fẹ́ fi ohun kan sílẹ̀ láìdán wò. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá kò sì tíì tán nígbà náà: Ọlọ́wẹ̀ ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, Arẹ̀ogun ní Òsì, tí ó kú ní 1954, Bámgbóyè ní Odò-Ọwá, agbo ilé Adúgbológe ní Abẹ́òkúta. Láti 1947 ni àlùfáà Àgùdà kan, Kevin Carroll, ti kó àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì kí iṣẹ́ wọn má bàa parun. Ibẹ̀ ni Bándélé ọmọ Arẹ̀ogun ti kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà dé ilé ẹ̀kọ́ gíga Ifẹ̀ kí ó tó kú ní 2009.

Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà wá ṣọ̀wọ́n, àwọn ìyá kò jókòó lásán. Wọ́n ra ọmọlangidi onírọ́bà lọ́jà, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń bọ́ ọ bí ti ìṣáájú. Àwọn mìíràn mú ọmọ tí ó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí rí i bí ayàwòrán ti ń tẹ àwòrán ọmọ kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyélolú àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé akọ kan àti abo kan ni wọ́n, a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, a ya á, a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, a tún ya á. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ayàwòrán náà ní èyí nílé ẹ̀kọ́.

Ìgbà tí owó ère gòkè ní òkè òkun ni àwọn alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í yí abúlé ká. Ìjọba ti ṣe òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1953, a sì ṣí ilé àkójọ ti Èkó ní 1957, ṣùgbọ́n ohun tí a gbé sínú àpò lálẹ́ kò bá òfin pàdé. Ohun tí ìyá kan kò gbà láti tà fún Lander ní 1830, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ fi gba owó tí kò tó ra kẹ̀kẹ́. Lónìí, ère ìbejì wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n to wọ́n sínú gíláàsì, a kò sì fún wọn lóúnjẹ mọ́. Lára púpọ̀ nínú wọn, ohun tí a kọ kò ju orúkọ ìlú lọ, nígbà mìíràn orúkọ ìlú pàápàá kò sí. Orúkọ ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ gbẹ́ igi náà ti sọnù pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ère kan bá ṣì wà nínú àjà ilé bàbá yín, ẹ má ṣe sun ún, ẹ má sì ṣe tà á kí ẹ tó bi àgbà tí ó kù léèrè ta ni ó ni ín nínú Táyélolú àti Kẹ́hìndé, ìlú wo ni ìyá rẹ̀ ti sá wá, àti ta ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu àgbà náà ṣì ń sọ̀rọ̀.